Òrùlé nìkan ni kọ̀ǹpútà ń rí

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ilé Melbourne yẹn fún yín. Oṣù kẹjọ 2020 ni Microsoft gbé Flight Simulator tuntun jáde, géèmù tí èèyàn fi ń wa báàlú káàkiri ayé, gbogbo ayé pátá ni mo wí o, kì í ṣe ìlú mélòó kan tí wọ́n ṣà jọ. Kò pẹ́ rárá làwọn tó ń fò lórí Melbourne ní Ọsirélíà bẹ̀rẹ̀ sí í pe ara wọn pé ẹ wá wo nǹkan, ohun kan ló dúró gan-an sáàárín àdúgbò kan tó ń jẹ́ Fawkner, àdúgbò jẹ́ẹ́jẹ́ tó jẹ́ pé ilé ilẹ̀ ló pọ̀ níbẹ̀, ohun náà tẹ́ẹ́rẹ́, ó gùn, ó wọnú àwọsánmà lọ, ilé alájà 212. Kò sírú ẹ̀ ní Melbourne, kò sírú ẹ̀ níbì kankan láyé, Burj Khalifa tí wọ́n fi ń yangàn ní Dubai gan-an, àjà 163 ló ní.

Báwo ló ṣe débẹ̀? Ẹnì kan ló ń fi ilé kún OpenStreetMap, máàpù ọ̀fẹ́ tí gbogbo ayé jọ ń yà. Ibi tó yẹ kó tẹ 2 sí fún iye àjà ilé náà, ọwọ́ ẹ̀ yọ̀, ó tẹ 212. Àwọn míì rí i, wọ́n tún un ṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀dà ti àtijọ́ ti wọnú dátà tí wọ́n fi kọ́ géèmù náà, ẹ̀dà yẹn kò sì gbọ́ pé wọ́n ti tún nǹkan kan ṣe. Kọ̀ǹpútà rí 212, ó kọ́ 212, ó kọjá lọ sórí ilé tó kàn. Bíríkìlà wo lẹ máa gbé irú pláànù yẹn fún tí kò ní kọ́kọ́ họrí pé "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ tún ìwé yìí wò dáadáa?" Inú àwọn tó ń gbá géèmù ọ̀hún dùn sí i ní tiwọn o, ṣe ni wọ́n ń wa báàlú yí i ká, wọ́n ń ya fọ́tò.

Ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Blackshark.ai ní ìlú Graz ní Ọ́sítríà ló bá Microsoft ṣe iṣẹ́ ilé kíkọ́ yẹn, iye ilé tí wọ́n kọ́ tó bílíọ̀nù kan ààbọ̀. Ṣé ẹ mọ iye yẹn? Kò sẹ́ni tó lè jókòó fọwọ́ ya ìyẹn, bí ẹ bá kó gbogbo ọmọ Ìbàdàn jọ sídìí kọ̀ǹpútà, wọn ò ní ṣe é tán. Torí náà ẹ̀rọ ni wọ́n fi ṣe é: ẹ máa gbé fọ́tò Bing, máàpù Microsoft, tí wọ́n yà látòkè fún un, á wá ibi tí òrùlé wà, á fa ìlà yí i ká, á wo bí òrùlé ọ̀hún ṣe rí àti irú àdúgbò tó wà, á wá fojú díwọ̀n gbogbo ìyókù, bó ṣe ga tó, irú ògiri tó yẹ kó ní, fèrèsé, ilẹ̀kùn, gbogbo ẹ̀. Àwọn ìlú ńlá kan wà tí wọ́n ní fọ́tò tó pọ̀ fún, ìyẹn rí bó ṣe rí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ibi tó kù, àdábá ni. Buckingham Palace tí ọba Gẹ̀ẹ́sì ń lò, nígbà tí géèmù yẹn kọ́kọ́ jáde, ilé ọ́fíìsì lásán ló bá a dé. Ẹ̀rọ rí òrùlé ńlá kan láàárín London, ó ní àṣé ọ́fíìsì nìyí, ó fi fèrèsé ọ́fíìsì sí i lára. Ta ló fẹ́ bá a jà? Látòkè tó wà, kí ló fẹ́ fi mọ̀ pé ààfin ni?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyẹn. Ẹ̀rọ tó bá wà lókè, òrùlé ló ń rí, àwa sì rèé, a kì í gbé lórí òrùlé. Ojúde là ń gbé, ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀yìnkùlé, iwájú ṣọ́ọ̀bù, abẹ́ igi. Ó dá mi lójú pé níbi tọ́rọ̀ kíkọ́ ìlú sínú kọ̀ǹpútà dé báyìí, àwọn ìlú tiwa máa pẹ́ kí wọ́n tó jọ ara wọn níbẹ̀, kì í sì í ṣe torí pé àwọn tó ń ṣe é kò fẹ́ràn wa, ibi tí kámẹ́rà dúró sí ló fà á.

Nígbà kan, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é o. Google ra SketchUp, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń ya ilé, ní 2006, àwọn èèyàn kárí ayé sì ń fi ṣe ilé ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gbé e sórí Google Earth lọ́fẹ̀ẹ́, ẹlòmíì á ṣe ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò ẹ̀, ẹlòmíì á ṣe yunifásítì tó lọ, ó sì máa ń dára nítorí pé ẹni tó ṣe é mọ ibẹ̀, ó mọ ilẹ̀kùn tí wọn kì í ṣí. Ní 2012 wọ́n yí i padà, báàlú ló kù tó ń fò lórí ìlú tó ń ya fọ́tò látòkè àti láti ẹ̀gbẹ́, kọ̀ǹpútà á wá so gbogbo ẹ̀ pọ̀ di ìlú kan ṣoṣo. Ó yá, ó sì rẹwà látòkèèrè. Ẹ sún mọ́ ọn, ẹ máa rí i pé mọ́tò ti lẹ̀ mọ́ títì, igi ti di òkìtì kan báyìí, ìsàlẹ̀ ilé gbogbo sì rí jágbajàgba.

Ṣùgbọ́n kó tó di ìyẹn, àwọn kan ti ronú kan ìsàlẹ̀ ọ̀hún, àwọn yẹn ni mo kí jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000 sókè, ní yunifásítì California tó wà ní Berkeley, ọ̀jọ̀gbọ́n Avideh Zakhor àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ Christian Früh di ẹ̀rọ lésà méjì, iná tí wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe jìnnà tó, àti kámẹ́rà kan mọ́ ọkọ̀ lórí, wọ́n sì wa ọkọ̀ náà gba àárín ìlú Berkeley kọjá bí gbogbo mọ́tò tó kù ṣe ń lọ, wọn ò dá títì dúró. Lésà kan dojú kọ ògiri ilé, láti ìsàlẹ̀ dé òkè ló ń wọn ọ́n bí ọkọ̀ ṣe ń sún. Lésà kejì wà ní ìbú, iṣẹ́ tiẹ̀ ni láti mọ ibi tí ọkọ̀ wà. Ẹ máa ní kí ni GPS ń ṣe? GPS kì í ríran dáadáa láàárín ilé gíga, ògiri á gba sígínà á gbá a padà, á máa sọ pé títì kejì lẹ wà, ẹni tó bá ń pe Bolt lórí Lagos Island mọ ohun tí mò ń sọ. Torí náà lésà tó wà ní ìbú yẹn á máa fi ohun tó rí nísinsìnyí wé ohun tó rí ní ìṣẹ́jú àáyá tó lọ, á mọ bí ọkọ̀ ṣe sún tó àti ibi tó yà sí, lẹ́yìn náà wọ́n á tún fi wé àwòrán ìlú tí báàlú yà látòkè kó má bàa ṣìnà. Ìgbà tí wọ́n wá so ti ìsàlẹ̀ pọ̀ mọ́ ti òkè, ẹ lè fò lórí Berkeley náà, ẹ sì lè rìn nínú ẹ̀.

Wàhálà wọn? Igi. Igi àti mọ́tò tó dúró sẹ́bàá ọ̀nà. Lésà kò lè gba inú igi kọjá, gbogbo ibi tí igi bá ti dúró síwájú ilé, ihò ńlá ló máa ń wà lára ògiri lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n wá ń fi ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò dí ihò, fèrèsé tó wà lápá ọ̀tún ni wọ́n ń dà kọ sápá òsì. Ó ṣiṣẹ́ ní Berkeley torí pé àwọn fèrèsé yẹn jọra. Ẹ ẹ̀ rí i pé àdábá ti tún wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Róòmù kíákíá. Ní 2009 àwọn kan ní yunifásítì Washington, Sameer Agarwal, Noah Snavely àtàwọn ẹgbẹ́ wọn, wọn ò gbé ọkọ̀ wọn ò gbé báàlú, Flickr ni wọ́n lọ, ìkànnì tí àwọn èèyàn ń gbé fọ́tò wọn sí, wọ́n tẹ Rome, wọ́n kó fọ́tò 150,000 tí àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ti yà, wọ́n kó o fún bí kọ̀ǹpútà oní-core 500, kò tó ọjọ́ kan tí Colosseum, pápá ìran àtijọ́ ibẹ̀, fi jáde ní 3D. Ọ̀nà tó gbà ṣe é kò le yé èèyàn: ẹ di ojú kan, ẹ wo òpó iná tó wà níwájú, ẹ wá di ojú kejì, òpó á sún díẹ̀, ohun tó bá sún mọ́ yín á sún jù, ohun tó jìnnà ò ní sún tó bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni kọ̀ǹpútà ń wọ̀n, àmọ́ dípò ojú méjì, fọ́tò ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló ní, kò sì mọ ẹni tó yà á tàbí ibi tó dúró sí, òun fúnra ẹ̀ ló ń wá igun kan náà nínú fọ́tò yìí àti fọ́tò yẹn títí á fi mọ̀ ọ́n.

Iṣẹ́ ńlá ni, mi ò bù ú kù. Ṣùgbọ́n ẹ wo èso ẹ̀ dáadáa, Colosseum pé, ìsun omi Trevi pé, St. Peter's pé, ẹ wá bi í pé àdúgbò tí àwọn tó ń gbálẹ̀ Colosseum ń gbé ńkọ́? Kò sí níbẹ̀, torí pé kò sẹ́ni tó bá ìrìn àjò afẹ́ dé Róòmù tó lọ ya fọ́tò ẹ̀yìnkùlé wọn. Ohun tí èèyàn kò bá yà, kọ̀ǹpútà ò lè kọ́ ọ.

Ti Apple kò gba wákàtí, gbogbo wa la rí i. Wọ́n ra C3 Technologies ní 2011, ilé-iṣẹ́ Sweden kan tó yọ jáde láti ara Saab, iṣẹ́ tí wọ́n fi ń darí ohun ìjà ni wọ́n yí padà sí yíya ìlú. Ní 2012 ni wọ́n gbé máàpù tuntun jáde, afárá Brooklyn ní New York rọ̀ bí ìgbà tí oòrùn pa á, títì ń wọ́ lọ sínú omi, Tim Cook fúnra ẹ̀ kọ̀wé tọrọ àforíjì nítorí máàpù ọ̀hún. Abẹ́ afárá ni báàlú kò rí. Ohun kan náà tí mò ń sọ láti òwúrọ̀.

Ọ̀nà kejì wà tó yàtọ̀ pátápátá, ẹ ò ní ya fọ́tò kankan, òfin lẹ máa kọ. Yoav Parish àti Pascal Müller ní ETH, yunifásítì kan tó wà ní Zürich ní Switzerland, ló gbé e síta ní 2001, òun ló di sọ́fítíwíà CityEngine tí Esri, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe sọ́fítíwíà máàpù, rà ní 2011. Ẹ máa sọ fún kọ̀ǹpútà pé ilẹ̀ rèé, fi díẹ̀ sílẹ̀ fún títì, gbé ògiri dìde, gé ògiri sí àjà, gé àjà sí fèrèsé, mú irú fèrèsé kan nínú mẹ́ta, bo òrùlé. Ẹ tẹ bọ́tìnnì kan, ìlú ti jáde, ẹ tún un tẹ̀, ìlú míì. Wọ́n fi kọ́ Pompeii padà, wọ́n fi kún Róòmù àtijọ́ nínú iṣẹ́ tí Bernard Frischer ṣe olórí ẹ̀, Róòmù bó ṣe rí ní ọdún 320, ó tó nǹkan bí ilé 7,000, ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n mọ bó ṣe rí ní pàtó, ìyókù, òfin ló kọ́ ọ.

Ọ̀nà yìí ló wù mí jù, mo sì gbìyànjú kí n kọ òfin ilé Ìbàdàn. Face me I face you kò ṣòro: ọ̀nà kan gba àárín kọjá láti iwájú dé ẹ̀yìn, yàrá lọ́tùn-ún lósì, ilẹ̀kùn kọjú síra, kíṣínì àti balùwẹ̀ lẹ́yìn, kànga, páànù lórí, ó tán. Ibi tí òfin ti bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ni ohun tí àwọn èèyàn ṣe sí ilé lẹ́yìn tí bíríkìlà ti lọ. Yàrá iwájú di ṣọ́ọ̀bù, wọ́n fọ́ fèrèsé di ẹnu ọ̀nà. Wọ́n fa páànù jáde síwájú ṣọ́ọ̀bù kí òjò má bàa pa ọjà. Ẹnì kan gbé sítáǹdì táǹkì sókè. Onílé ti ṣe dẹ́kìń sórí ilé ilẹ̀, ó fi irin sílẹ̀ tó yọrí sókè ní gbogbo igun torí pé lọ́jọ́ kan Ọlọ́run máa ṣe é, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì máa gun orí ẹ̀, irin yẹn á sì wà níbẹ̀ títí á fi dípẹtà. Wọ́n á kọ "THIS HOUSE IS NOT FOR SALE" sára fẹ́ǹsì torí pé àwọn ọmọ bàbá ń bá ara wọn jà. Òfin wo ló máa sọ fún kọ̀ǹpútà pé ilé tí bàbá bá ti kú sílẹ̀ ni kó kọ ìyẹn sí lára?

Ilé Àgùdà tún le ju ìyẹn lọ. Àwọn tó padà dé Èkó láti Brazil ní ayé ìgbà yẹn, àwọn bíríkìlà àti káfíńtà inú wọn ló kó ọgbọ́n ọ̀hún dé, òpó olódòdó, fèrèsé tó rí roboto lókè, ohun tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì gbẹ́ sára ògiri, iwájú ilé nìkan ni gbogbo ẹwà ẹ̀ wà. Ilojo Bar ní Tinubu Square, 1855 ni wọ́n kọ́ ọ, ìjọba kéde ẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, oṣù kẹsàn-án 2016 ni wọ́n wó o palẹ̀. Látòkè, òrùlé kan ni láàárín òrùlé. Àmọ́ ohun kan wà níbí tó dùn mọ́ mi, fọ́tò àtijọ́ ṣì lè ṣiṣẹ́. Àwọn ère Buddha ńlá Bamiyan tí Taliban fọ́ ní 2001 ní Afghanistan, ETH yẹn náà ló fi fọ́tò tí wọ́n yà ní 1970 gbé èyí tó tóbi jù padà sínú kọ̀ǹpútà, ó tó bẹ́ẹ̀ débi tí èèyàn fi lè wọn bí aṣọ ara rẹ̀ ṣe ká kò. Torí náà bí ẹ bá ní fọ́tò ìgbéyàwó màmá yín àgbà tí wọ́n yà níwájú ilé kan ní Popo Àgùdà, ẹ má sọ ọ́ nù, ògiri ẹ̀yìn yẹn níye lórí.

Kí wọ́n má bàa ní mo ń kùn ṣáá, wọn ò gbàgbé Áfríkà. Ní 2021 ọ́fíìsì Google ní Accra ṣáájú iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Open Buildings, ẹ̀rọ wo fọ́tò sátẹ́láìtì Áfríkà, ó fa ìlà yí òrùlé 516 mílíọ̀nù ká, wọ́n gbé e sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ lè wá ilé bàbá yín nínú ẹ̀ báyìí. Ní 2024 wọ́n fi gíga kún un, láti 2016 sí 2023, èèyàn lè rí bí àdúgbò ṣe ń ga sí i lọ́dọọdún. Mo lò ó, ó wúlò, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìlà òrùlé pẹ̀lú gíga, páálí ló máa bí. Ẹ fi wé Netherlands, yunifásítì Delft ṣe 3D gbogbo ilé orílẹ̀-èdè wọn, ó tó mílíọ̀nù 10, ẹ̀rọ ló ṣe gbogbo ẹ̀, pẹ̀lú bí òrùlé ṣe dagun, torí pé ìjọba wọn ti fi báàlú gbé lésà kọjá lórí gbogbo ilẹ̀ wọn, wọ́n sì ń tún un ṣe lóòrèkóòrè. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ tiwọn gbọ́n ju ti Accra lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní Ìbàdàn tó ń ṣe sọ́fíyọ̀, iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀, ó ní dróònù, ó sì ní ìwé àṣẹ ẹ̀ lọ́wọ́, kí ẹ má bàa bi mí, torí láìsí ìwé ONSA, ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ààbò orílẹ̀-èdè, wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ yín. Iṣẹ́ kan ló gbà ní àdúgbò kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, wọ́n fẹ́ mọ ibi tí omi máa gbà bí òjò ńlá bá rọ̀, mo bá a lọ. Ẹni tó bá mọ Ìbàdàn mọ̀ pé ọ̀rọ̀ omi kì í ṣe eré níbẹ̀. Odò Ògùnpa ya ní oṣù kẹjọ 1980, ẹ̀mí tó lọ kò kéré, oṣù kẹjọ 2011 ó tún ṣẹlẹ̀, ó lé ní 100 èèyàn tó kú, omíyalé, àgbàrá ya ṣọ́ọ̀bù.

Dróònù ń lọ ń bọ̀ lókè bí ẹni ń ro oko, fọ́tò kan gbọ́dọ̀ gun orí èkejì tó ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún kí kọ̀ǹpútà tó lè so wọ́n pọ̀. Bàbá onílé kan jáde pẹ̀lú ṣíńgílẹ́ẹ̀tì àti ìró nídìí, ó gbójú sókè.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ta ló ní kẹ́ ẹ máa ya ilé mi látòkè? Gọ́mẹ́ǹtì fẹ́ wó o ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi ti ń dọ̀bálẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀ tán. "Ẹ má bínú, bàbá. Kò sẹ́ni tó fẹ́ wó nǹkan kan. Omi la fẹ́ mọ ibi tó máa ń gbà."

"Omi? Ẹ wá gbé nǹkan sókè? Omi wà nílẹ̀, ẹ ò bi mí."

Ló bá mú wa wọnú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó pa ilẹ̀kùn kan dé, ó ní ká wo ẹ̀yìn ẹ̀. Wọ́n ti kun gbogbo ilé láti ìgbà yẹn, àfi ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tí ọwọ́ akunlé kò dé, ìlà kan wà níbẹ̀ tó pọ́n, ó ga ju ìdodo mi lọ, ibẹ̀ ni omi 2011 dé. Ó ní wọ́n gbé àwọn ọmọ sórí wọ́dúróòbù. Ó wá tọ́ka síta, ó ní ìloro òun ga ju ti ará ilé kejì lọ, torí náà ọ̀dọ̀ ìyẹn ni omi ti kọ́kọ́ wọlé, ó wá gba ẹ̀yìnkùlé wá bá àwọn.

Gbogbo ohun tí bàbá yìí fi hàn wá, kò sí ọ̀kan tí dróònù lè rí. Ìlà ọ̀hún wà nínú ilé. Ìloro wà lábẹ́ páànù. Ihò tí omi gbà lára fẹ́ǹsì ẹ̀yìnkùlé, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó. Bó bá jẹ́ gíga òrùlé nìkan la ní, ilé bàbá àti ilé ará yẹn, ọgbọọgba ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ ìgbésẹ̀ méjì lẹ́nu ọ̀nà ló yà wọ́n sọ́tọ̀, òun ló sì pinnu ilé tí omi máa kọ́kọ́ wọ̀.

Alẹ́ ni a gbé fọ́tò náà sínú WebODM, sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ tó ń so fọ́tò dróònù pọ̀ di 3D ni, àmọ́ ó máa ń jẹ RAM lọ́nà burúkú, jẹnẹrétọ̀ ló sì ń gbé e torí pé iná ò sí. Ohun tó jáde dára lójú ẹni tó bá dúró lókè. Títì wà, gọ́tà wà, òrùlé wà. Páànù tuntun tó ń dán rí gbágungbàgun bí ẹni pé òòlù lù ú, torí pé bí dróònù ṣe ń sún ni ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń sún lórí ẹ̀, kọ̀ǹpútà kò wá rí ohun kan pàtó tó lè dì mú. Páànù tó ti dípẹtà wá dára gan-an, gbogbo àbààwọ́n ara ẹ̀ ló ń ran kọ̀ǹpútà lọ́wọ́. Wáyà iná kò sí mọ́, òpó nìkan ló dúró. Àwọn tó ń kọjá lọ ti pòórá, ọlọ́kadà kan ló kù, ìdajì ẹ̀, ó ní láti jẹ́ pé ó dúró díẹ̀ kó tó lọ. Odò fúnra ẹ̀, òkìtì òkìtì ló dà, torí omi kì í dúró jẹ́ẹ́ fún kámẹ́rà. Abẹ́ páànù gbogbo, ibi tí àwọn ará àdúgbò ń jókòó sí, dúdú fàì ni, ó fà wọlẹ̀ bí aṣọ tó tutù.

A padà lọ fi fóònù ya ti ìsàlẹ̀. Ẹ máa rìn níwájú ilé, ẹ máa yà bẹ́ ẹ ṣe ń lọ, ẹ má ṣe dúró sójú kan kẹ́ ẹ máa yí ọrùn, ìyẹn kò wúlò fún un. Màmá kan tó ń ta gàrí ní kí a kọ́kọ́ jẹ́ kí òun wé gèlè, a dúró dè é, gèlè wà nínú 3D náà báyìí, ó jáde ju gbogbo nǹkan lọ. Ibi tí iṣẹ́ ti le ni síso fọ́tò fóònù mọ́ ti dróònù, ọ̀kan rí ògiri kò rí òrùlé, èkejì rí òrùlé kò rí ògiri, kò sí ohun tí àwọn méjèèjì jọ rí tí wọ́n máa fi mọ ara wọn. Wàhálà Berkeley gan-an ni, àwọn yẹn fi ọ̀nà ìṣirò yanjú ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi fi ọ̀dà ya àgbélébùú funfun sí títì àti sára fẹ́ǹsì níbi tí òkè àti ìsàlẹ̀ máa ti jọ rí i, ó tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn onílé ná.

Wọ́n ṣe ohun tó jọ èyí ní Makoko ní 2019, Code for Africa àti àwọn OpenStreetMap, wọ́n fi dróònù yà á látòkè, wọ́n sì kọ́ àwọn ọ̀dọ́ Makoko fúnra wọn níṣẹ́, torí ẹni tó ń tu ọkọ̀ ojú omi níbẹ̀ lójoojúmọ́ ló mọ ọ̀nà omi tó ní orúkọ àti èyí tí wọ́n ti dí. Ibi tí wọ́n wà lórí máàpù ayé ṣáájú ìyẹn, ṣe ló ṣófo.

Àwọn tuntun ti dé o, mi ò sọ pé kò dára. NeRF jáde ní 2020, Gaussian splatting ní 2023, ẹ̀dá ìṣirò míì ni, kì í kọ́ ògiri, bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tan láti ibi gbogbo ló ń kọ́, dígí àti ewé wá ń jáde bó ṣe yẹ. Waymo, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ tó ń wa ara ẹ̀, fi irú ẹ̀ ṣe àdúgbò Alamo Square ní San Francisco ní 2022, fọ́tò mílíọ̀nù 2.8 tí àwọn ọkọ̀ wọn yà lójú títì. Ẹ ṣàkíyèsí: lójú títì. Ọkọ̀ wọn ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́, àwa ní Bẹẹrẹ n'Íbàdàn, ọkọ̀ wo ló fẹ́ gba àárín agboolé kọjá?

Ohun tó kù fún iṣẹ́ ọ̀hún báyìí ni ìloro. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ wọn gíga ẹnu ọ̀nà ilé kọ̀ọ̀kan lápá odò yẹn, ó máa fi kún gbogbo ilé inú àwòrán náà kó tó da omi sí i nínú kọ̀ǹpútà, bàbá sì ti sọ pé òun máa bá a rìn torí pé àwọn kan ò ní ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí wọn ò mọ̀. Bí ẹ bá ní àbá kankan lórí páànù tó ń dán yẹn, ẹ bá mi wá a. Ẹ̀gbọ́n ní ká máa yà á kùtùkùtù kí oòrùn tó le, mo rò pé ó máa ṣiṣẹ́, ìṣòro ẹ̀ ni pé kùtùkùtù yẹn ni òjìji ilé máa ń gùn jù.